Oògùn Yìí, Kí Ni Èèwọ̀ Rẹ̀?

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé onísègùn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ojúlùmọ̀ á wá gba oògùn, onísègùn á wo ojú rẹ̀, á ní kó máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ojúlùmọ̀ á dúpẹ́, á délé, á tì í sẹ́yìn ààrò. Eérú á bò ó, adìyẹ á ta á nù. Kì í ṣe pé oògùn náà kò dára. Kò ná an ní nǹkan kan ni, kò sì ká a lára. Ìdí nìyẹn tí babaláwo kì í fi í ṣe é láìgba èrù, ì báà jẹ́ kọ́bọ̀ mélòó kan péré. Owó yẹn ló ń rán aláìsàn létí pé òun ní oògùn nílé.

Láti kékeré ni mo ti gba òwe yìí gbọ́, àfìgbà tí mo dé Ẹ̀gbẹ́dá ní Èkó lọ́dún tó kọjá, tí mo bá oògùn olówó gọbọi lẹ́yìn ààrò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo lọ kí. Màmá Ẹ̀gbẹ́dá là ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sì ti ń bá wọn gbé tipẹ́. Mo bá wọn lórí àga, ẹsẹ̀ méjèèjì wú bí iṣu. Aládùúgbò kan ti là á yé wọn pé wọ́n tẹ nǹkan ní ojúde, pé àfi kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá kí n rí i." Wọ́n wọ kíṣìnì, wọ́n na ọwọ́ sí pẹpẹ tó wà lókè sítóòfù, wọ́n gbé náílọ́ọ̀nù dúdú kan wá, wọ́n sì da ohun inú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo jókòó, mo ń ka lẹ́tà pẹ́ńpẹ́ tó wà lẹ́yìn káàdì oògùn kọ̀ọ̀kan. Èkíní, Norvasc 10. Èkejì, káàdì kan tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé débi pé ìdajì orúkọ rẹ̀ ti bá a lọ. "Dipine 10" ló ṣẹ́ kù. Oògùn kan náà ni méjèèjì. Amlodipine ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Norvasc sì ni orúkọ tí iléeṣẹ́ kan sọ ọ́. Dókítà kan ló kọ èkíní fún Màmá, dókítà mìíràn níbòmíràn ló kọ èkejì, Màmá sì ń lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Bákan náà ni Glucophage àti Diabetmin tó wà níbẹ̀: metformin ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bu oúnjẹ fún Àjàyí, tó tún bu òmíràn fún Ògídí Olú, ẹnì kan ṣoṣo ló bọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mílígíráàmù 10 ni ibi tí àgbàlagbà máa ń lo amlodipine mọ lóòjọ́. 20 ni Màmá ń lò. Ọ̀kan nínú ohun tí oògùn náà máa ń ṣe ni pé ó ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, bó bá sì ṣe pọ̀ tó ni wíwú náà ṣe ń pọ̀ tó. Òótọ́ ni aládùúgbò wí o, Màmá tẹ nǹkan. Ẹnu ni wọ́n kàn fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ wú, wọ́n lọ bá oníkẹ́míìsì, òun náà fún wọn ní oògùn tí ń mú ni tọ̀, ni wọ́n bá ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Orúnkún tún ń dùn wọ́n, wọ́n bá ra diclofenac. Diclofenac sì ń dá omi dúró sára, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń ni kíndìnrín lára, pàápàá bó bá pàdé oògùn tí ń mú ni tọ̀. Ẹ ò rí i bí oògùn kan ṣe bí oògùn mìíràn, tí ìyẹn náà tún lóyún? Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la gbé náílọ́ọ̀nù náà lọ síwájú dókítà. Òun ló yọ èyí tó yẹ ní yíyọ, kì í ṣe èmi.

Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn oògùn wọ̀nyẹn tí Màmá kò fowó rà. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ààrò náà ni wọ́n ń gbé. Ṣé òwe parọ́ ni? Mo rò ó títí, mo rí i pé àwa la gbọ́ apá kan, tí a fi apá kan sílẹ̀. Nílé onísègùn àtijọ́, èrù nìkan kọ́ ló máa ń tẹ̀ lé oògùn. Bí èrù bá ti bọ́ sílẹ̀, onísègùn á gba tẹnu rẹ̀: ohun tí oògùn wà fún, bí wọ́n ṣe ń lò ó, àti èèwọ̀ rẹ̀. Oògùn kan kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Òmíràn, ẹni tó gbé e kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni títí tó fi délé. Òmíràn, a kò gbọdọ̀ jẹ irú ẹran báyìí lé e. Àwọn kan ń fi èèwọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìbẹ̀rù lásán ni. Lójú tèmi, okùn ni èèwọ̀. Ó ń so ìmọ̀ mọ́ ara oògùn kí ìmọ̀ náà má bàa já bọ́ lójú ọ̀nà. Owó ló ń la etí aláìsàn, èèwọ̀ ló ń bọ́ sínú etí náà. Àwa òde òní ń san owó, a la etí sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ nǹkan kan sí i.

Oògùn òyìnbó kò sì ṣaláì ní èèwọ̀. Metformin, oúnjẹ ni kẹ́ ẹ máa lò ó mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú á máa ṣiṣẹ́. Glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, ẹni tó lò ó kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ ṣeré, nítorí ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì: ara á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bò ó, ojú á ṣú. Atenolol, a kì í dédé já a sílẹ̀, kí ọkàn má bàa bínú. Oògùn wárápá náà rí bẹ́ẹ̀, prednisolone tí èèyàn ti lò pẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Nifedipine tí wọ́n ṣe kó lè máa tú díẹ̀díẹ̀, a kò gbọdọ̀ rún un lẹ́nu tàbí kí a lọ̀ ọ́ fún arúgbó tí kò lè gbé e mì. Gbogbo agbára ọjọ́ kan á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀. Lisinopril máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan. Mo mọ ẹni tó ra oògùn ikọ́ olómi fún oṣù mẹ́rin gbáko nítorí èyí, tí kò sì sọ ọ́ fún dókítà, torí ó gbà pé ọ̀rọ̀ ikọ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru.

Níbo wá ni wọ́n kọ àwọn èèwọ̀ wọ̀nyí sí? Inú páálí oògùn ni, lára bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká bí ẹni ká ẹní, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Àwa kì í sì í ra páálí. Káàdì kan là ń rà, ìgbà mìíràn ààbọ̀ káàdì, gẹ́gẹ́ bí owó bá ṣe ká a mọ. Oògùn á bá wa relé, èèwọ̀ á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀yìn ààrò fúnra rẹ̀ ná, nítorí òwe a máa ní egungun nínú. Ooru ló wà níbẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ń ba oògùn jẹ́, bẹ́ẹ̀ orí sítóòfù, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa ni ọ̀pọ̀ wa ń kó o sí. Èyí tó le jù ni insulin. Èyí tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe ibi tí yìnyín wà, torí bó bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló fẹ́ sọ fún ará Ìgàndó pé iná kò ní lọ? Ọgbọ́n ìyá àgbà ṣì wúlò níbí: ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi sínú yanrìn tútù ní ibòòji máa ń tutù ju yàrá lọ, àwọn tí kò ní fíríìjì ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà sì ń kó insulin sí i. Ìgò tí a ti ń lò lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru kò bá mú un. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí tiyín lè lò.

Ká má kàn dá aláìsàn lẹ́bi. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, níbi tí Ẹ̀gbẹ́dá wà, kì í ṣe abúlé. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 síbẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, pé àwọn ka mílíọ̀nù méjì ó lé. Èyí tó wù kó jẹ́, láti ìgbà náà, Ìpájà, Ìdímù, Ìkòtún àti Ìgàndó kò yéé kún. Ọsibítù ìjọba ńlá wà ní Ìgàndó, àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé wà káàkiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sí ọsibítù ìjọba ní ibikíbi ní Èkó mọ bó ṣe ń rí: aláìsàn á ti jí ní aago mẹ́rin kí nọ́ńbà rẹ̀ lè tètè kàn, èrò á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí eéṣú. Ìṣẹ́jú mélòó ni dókítà fẹ́ fi ṣàlàyé? Apoògùn tó wà lójú fèrèsé náà ń wo ìlà tó wà níwájú rẹ̀. Á na oògùn sí yín, á kọ nǹkan sí i lára, ẹlòmíràn á ti na ìwé wọlé lórí èjìká yín.

Ẹ wo ohun tó kọ sí i lára. "1 × 2." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni hóró kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Lára àpò kejì, "2 × 1": hóró méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olùkọ́ ìṣirò á ní méjì ni ìdáhùn méjèèjì. Ara kò mọ ìṣirò yẹn. Ẹni tó kó hóró oògùn àtọ̀gbẹ méjì mì lẹ́ẹ̀kan, tó yẹ kó fi ọ̀kan di alẹ́, lè ṣubú kó tó di ọ̀sán. Èdè wa gan-an tún dá kún un. "Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́" là ń wí. Ojúmọ́ ni ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Ẹni tó jí ní aago méje, tó sùn ní aago mẹ́wàá, á há ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà mọ́ wákàtí 15, á wá fi òru sílẹ̀ lófo. Bí oògùn náà bá jẹ́ èyí tó yẹ kó pín wákàtí 24 dọ́gba, a ti ṣì í lò nìyẹn, láìṣe àìgbọràn. Èmi fara mọ́ ọn kí wọ́n máa dárúkọ aago: aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tí mo máa ń gbọ́ láàárín Ìdímù sí Ìkòtún, tó máa ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo èyí lọ. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Mo ti lò ó rí." Ẹ fetí sí "rí" yẹn dáadáa. Ibà ló kọ́ wa ní oògùn lílò: hóró 24, ọjọ́ mẹ́ta, ó parí, ara yá, a ju páálí nù. A wá gbé àṣà yẹn lé orí àìsàn tí kì í lọ. Màmá Ẹ̀gbẹ́dá náà sọ ọ́ fún mi pé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ti "lo dósì àwọn tán," dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, inú wọn dùn, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ nítorí oògùn ń fà á wálẹ̀ ni. Ẹni tó tẹ màlúù lórí ba bí wọ́n ṣe ń dì í lókùn kò gbọdọ̀ tú ọwọ́ nítorí pé màlúù ti dákẹ́.

Amlodipine tiẹ̀ tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó jáwọ́ lọ́jọ́ Ajé á wà dáadáa lọ́jọ́rú, á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjà Ìkòtún pé, "Wò ó, n kò lò ó mọ́, kò sì sí nǹkan tó ṣe mí." Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Kì í kọrin bí ibà, kì í gbóná. Ìgbà tí yóò bá kan ilẹ̀kùn, rọpárọsẹ̀ ló máa ń rán níṣẹ́. Kì í sì í ṣe aláìkàwé nìkan ló ń ṣe èyí o, kì í sì í ṣe ará Èkó nìkan. Ní 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde lórí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó sì sọ pé ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ pàápàá, nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn ló ń lo oògùn bó ṣe yẹ. Ìdajì, nílẹ̀ tí iná kì í lọ.

Mo fẹ́ sọ ti àgbo, kò sì ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ìyá alágbo ti tẹ́ ìgò wọn sílẹ̀ ní oríta Ìkòtún: ti jẹdíjẹdí, ti ọpa ẹ̀yìn, ti ibà, òmíràn pẹ̀lú ọtí nínú. N kò sí lára àwọn tó ń bú àgbo. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń wo wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru, reserpine wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àwọn ọsibítù òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi reserpine wo àìsàn méjèèjì yìí ní nǹkan bí 1950 sí 1960. Ewé náà ní agbára. Ìdí gan-an tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn. Bí ewé tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ bá pàdé hóró tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ nínú ikùn kan náà, wọn kò ní bi ara wọn léèrè ta ló kọ́kọ́ dé. Ẹni tó gbà pé àgbo ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé òun ń mu ún. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́. Wọ́n rò pé dókítà á bínú, wọ́n á wá gbẹ́nu dákẹ́.

Alábùkún náà ńkọ́? Jacob Odùlatẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Abẹ́òkúta ní 1918, ó sì ti wọ̀ wá lẹ́wù tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í pè é ní oògùn mọ́. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fún ní aspirin kékeré lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, tàbí warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó tún ń da Alábùkún sẹ́nu nítorí orí fífọ́, ń ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ kó máa dà nínú ikùn rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé oògùn wo ló ń lò, á ka gbogbo rẹ̀, kò sì ní dárúkọ Alábùkún.

Ti ìgbàgbọ́ kò gùn. Láti ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn èèyàn ti ń wá gbàdúrà ní Ìkòtún, èmi kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Lúùkù orí 17, Jésù sọ fún àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá pé kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà. Ẹni tó rí ìwòsàn gbà, kó lọ fi ara rẹ̀ han ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ kó tó da oògùn nù. Fún Mùsùlùmí, Súrà Al-Baqarah ẹsẹ 184 ti yọ aláìsàn kúrò nínú àwẹ̀ dandan. Bí alátọ̀gbẹ bá ṣì fẹ́ gbà á, kó rí dókítà rẹ̀ kí oṣù Ramadan tó yọjú, kì í ṣe ní ọjọ́ kẹta àwẹ̀ tí ojú ti ń ṣú u.

Owó ṣì wà níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ òwe wa. Ní oṣù kẹjọ 2023, iléeṣẹ́ oògùn GSK kéde pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, Sanofi, tó ni Daonil, náà kéde pé àwọn kò ní ta oògùn wọn níhìn-ín fúnra wọn mọ́, pé alágbàtà ni yóò máa bá àwọn tà á. Náírà ti ṣubú, oògùn sì gbówó lórí débi pé àwọn èèyàn ń lò ó lọ́jọ́ kan, wọ́n ń fò ó lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya ń pín káàdì kan. N kò lè pe èyí ní àìmọ̀. Àìní ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó sọ ọ́ síta máa ń rí ọ̀nà ju ẹni tó dákẹ́ lọ. "Dókítà, owó mi kò ká èyí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ó lè pààrọ̀ rẹ̀ fún èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lásán, tí kò ní orúkọ iléeṣẹ́ olówó lórí, bí ẹni fi amlodipine lásán rọ́pò Norvasc. Ètò adójútòfò Ìlera Èkó sì wà. Ní 2024 ni gómìnà fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún ará Èkó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá oògùn tiyín wà lára èyí tí wọ́n ń san.

Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá, bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti kọ́ ọ ní ẹsẹ kan, ọ̀gá á ní, "Ó yá, kà á fún mi." Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní ìwọ̀sí. Nítorí náà, bí ọjọ́ àdéhùn yín bá tún pé, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù yẹn dání, pẹ̀lú ìgò àgbo, pẹ̀lú Alábùkún, pẹ̀lú oògùn inú bébà tí oníkẹ́míìsì pò fún yín. Bí wọ́n bá na oògùn sí yín lójú fèrèsé, ẹ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà fún, aago mélòó ni, kí sì ni èèwọ̀ rẹ̀?" Ẹ wá kà á padà fún wọn bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn yín á máa kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn, ẹ má kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó dá yín lóhùn.